Bí Ẹgbẹ́ Akọrin Màmá Mi Ṣe Jẹ́ Kí Ẹ̀jẹ̀ Dídì Yé Mi

Ilé Olùkọ́ Ayọ̀délé,
Ojú Ọ̀nà Ilé Ère,
Èsìẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Safiyyah,

Mo kí ọ bí ẹni ń kí ọmọ ìyá rẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu, ṣé oorun sì ń kún ojú? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ ní ìdúró, kí ó má bá ọ ní ìdùbúlẹ̀. Gbogbo wa nílé ń ṣe dáadáa. Bàbá mi ti kọ ebè tọdún yìí tán, wọ́n sì ń fi ẹ̀yìn tó ń ro wọ́n yangàn kiri àdúgbò. Mo kọjá sí Òmù-Àrán lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo sì yà kí Àlájà, ìyá rẹ. Ara wọn dá ṣáṣá. Wọ́n fi dandan lé e pé mo gbọ́dọ̀ jẹun kí n tó kúrò níbẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé o sunkún fún mi lórí fóònù, èmi náà kò sì sọ.

Ẹkún yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ ìwé sí ọ. O ní o fìdí rẹmi nínú ìdánwò àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún yín lórí ẹ̀kọ́ ẹ̀jẹ̀. O ní bóyá iṣẹ́ dókítà kì í ṣe tìrẹ, pé o ti ń béèrè bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ sí ẹ̀kọ́ mìíràn. Mo fẹ́ dá ọ lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń já, ọ̀rọ̀ náà sì gùn ju ohun tí ènìyàn ń fi fóònù sọ lọ. Ohùn a máa lọ, ìwé a máa dúró. Bí iná bá lọ tí fóònù rẹ sì kú, o ṣì lè ka èyí.

Safiyyah, èmi náà fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀jẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ìwọ ń bá ìdánwò tìrẹ jà nígbà náà, ìdí nìyẹn tí ìròyìn náà kò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ. Kì í ṣe pé n kò kàwé. Mo kà á títí ojú mi fi wú. Bí a ṣe ń ṣe ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí a óò há gbogbo rẹ̀ sórí bí ewì, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe. Mo fi báírò aláwọ̀ yẹ́lò kun ojú ìwé mi débi pé ibi tí n kò kùn gan-an ló wá ń hàn ketekete. Nígbà tí mo dé gbọ̀ngàn ìdánwò, wọn kò béèrè ohun tí mo há sórí. Aláìsàn ni wọ́n mú wá sínú ìbéèrè: obìnrin kan nìyí, ó ń rẹ̀ ẹ́, inú ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí báyìí báyìí, kí ló ń ṣe é? Mo mọ orúkọ àìsàn rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n n kò mọ èyí tó ń ṣe obìnrin náà.

Dókítà Barnabas ni ọ̀gá tó ń kọ́ wa. Ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í gbé ohùn sókè. Wọ́n pe gbogbo àwa tí a já, wọ́n sì là á fún wa pé àtúnṣe ìdánwò kan ṣoṣo ló kù lẹ́yìn ìsinmi, pé ẹni tó bá tún já, òun àti kíláàsì dókítà ti pínyà. Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Wọ́n gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà tán, wọ́n wá ní, "Ẹ má lọ kà á ju bí ẹ ṣe kà á lọ. Ẹ lọ kà á lọ́nà mìíràn." Èmi kò mọ ọ̀nà mìíràn kankan. Mo di ẹrù mi, mo wọ ọkọ̀ wá sílé.

Ìbínú ni mo ń retí nílé. Bàbá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, wọ́n dìde, wọ́n mú iṣu kan tó dára nínú àká, wọ́n ní kí n sun ún jẹ. Bí wọ́n ṣe ń sọ fún ènìyàn pé kò sí ìjà nìyẹn. Màmá mi ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè. O mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ń darí ẹgbẹ́ akọrin obìnrin ní ìjọ wa, ohùn wọn nínú ilé kò sì yàtọ̀ sí tibẹ̀. Wọ́n ní, "Rhoda, èwo gan-an ni kò yé ọ níbẹ̀?" Mo ní gbogbo rẹ̀ ni. Wọ́n ní rárá, pé àwọn kò tíì rí akọrin tó ń ṣi gbogbo orin kọ. Ibì kan ló máa ń ti yà, ibẹ̀ náà ni ènìyàn á sì máa tún kọ. Wọ́n ní kí n pa ìwé dé, kí n sọ ìtàn ẹ̀jẹ̀ fún àwọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí mo bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ẹ̀gẹ́ ni a ń bó lọ́wọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní inú mùdùnmúdùn egungun ni wọ́n ti ń bí sẹ́ẹ̀lì pupa, òun ló ń gbé afẹ́fẹ́ kiri gbogbo ara. Wọ́n bi mí pé ta ló ń sọ fún egungun ìgbà tó yẹ kó bí i. Mo ti ka orúkọ ìránṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ iṣẹ́ yẹn fún egungun lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n n kò bi ara mi rí pé ta ló rán an. Mo nu ọwọ́, mo wọlé lọ wo ìwé: kíndìnrín ni. Bí kíndìnrín bá ti rí i pé afẹ́fẹ́ tó ń dé ọ̀dọ̀ òun kò tó, a ránṣẹ́ sí egungun pé kó bí sí i. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún ní láti sọ fún mi ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi máa ń dín lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn lójoojúmọ́. Mo tẹ̀ lé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo bí ẹni ń tẹ̀ lé ọmọ láti ọjọ́ ìkómọ títí dé ọjọ́ ogbó. Kí ló ń jẹ dàgbà? Ta ló ń kó o nígbà tó bá gbó? Níbo ni irin inú rẹ̀ ń lọ? Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé àìtó ẹ̀jẹ̀, tó dà bí igbó kìjikìji lójú mi tẹ́lẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta péré ni ó ní. Bí omi bá tán nínú ìkòkò, ó lè jẹ́ pé a kò pọn ọ́n tó. Ó lè jẹ́ pé ìkòkò ń jò. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ń dà á nù nínú ilé. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti gbé aláìsàn kalẹ̀ fún ọ, kọ́kọ́ bi ara rẹ: ṣé ara rẹ̀ kò ṣe ẹ̀jẹ̀ tó ni, àbí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, àbí ara ń pa sẹ́ẹ̀lì náà kó tó gbó? Lẹ́yìn náà ni kí o wo bí sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún ṣe tóbi tó. Bó bá kéré, wá ọ̀rọ̀ irin lọ. Bó bá tóbi jù, wá èròjà inú ewébẹ̀ àti ẹran tí egungun fi ń bí i lọ. Bí ẹyinjú rẹ̀ bá ti di yẹ́lò, fura sí ẹni tó ń da omi nù. Orúkọ tó ń dà ọ́ láàmú á wá máa bọ́ sí àyè rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ dídì kọ̀, kò yé mi. O mọ̀ ọ́n, torí òun náà lo sunkún lé lórí. Àwọn ohun inú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní fákítọ̀ yìí, tí wọ́n fún ní nọ́ńbà tí nọ́ńbà náà kò sì tẹ̀ léra: kejìlá á jí kọkànlá, kọkànlá á jí kẹsàn-án, kẹsàn-án á jí kẹwàá, níbo wá ni kẹjọ wà? Mo sọ ọ́ fún màmá mi, mo ṣubú lójú ọ̀nà. Mo tún un sọ, mo tún ṣubú. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Orin elẹ́ni púpọ̀ nìyí. Ẹnì kan kì í dá a kọ. Dúró de Ọjọ́bọ̀."

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ẹgbẹ́ akọrin wá ṣe ìdánrawò lágbàlá wa, nítorí wọ́n ń pààrọ̀ páànù ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe parí orin, màmá mi ní kí ẹnikẹ́ni má tíì lọ, pé Rhoda nílò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé mo ń ṣàìsàn. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Mo kọ nọ́ńbà sórí bébà, mo fún obìnrin kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Màmá mi fi òfin lélẹ̀: ẹni tí wọn kò bá tíì fọwọ́ kàn kò gbọdọ̀ kọrin, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹlòmíràn, ẹni tí wọ́n bá fọwọ́ kàn, kí ó gbóhùn sókè, kí ó sì kan ẹni tó kàn. Mo to ọ̀nà gígùn sápá kan: kejìlá, kọkànlá, kẹsàn-án. Mo fi keje nìkan sápá kejì, torí òun ni ọ̀nà kúkúrú tí ń ṣí bí a bá fara gbọgbẹ́. Ọ̀nà méjèèjì pàdé lọ́dọ̀ kẹwàá. Ìyá Tóbi ni kẹjọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó di kẹsàn-án lọ́wọ́ mú, torí mo mọ̀ọ́mọ̀ mú kẹwàá jìnnà débi pé ọwọ́ kẹsàn-án kò lè tó o láìsí Ìyá Tóbi láàárín. Ìyá Motún ni karùn-ún, òun náà dúró ti kẹwàá bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni kejì, lẹ́yìn kejì ni àwọn ọ̀dọ́ akọrin tí wọ́n jẹ́ ẹni kìíní. Bí a bá ti kàn wọ́n, kí wọ́n tú gèlè orí wọn, kí wọ́n so ó pọ̀ di àwọ̀n lójú ọgbẹ́. Ọgbẹ́ náà ni ẹnu géètì wa.

Ènìyàn kan ló kù tí a kò rí, ẹni kẹtàlá, tó máa ń fa kókó le kí àwọ̀n má baà tú. Ibẹ̀ ni Fulera aládùúgbò wa yọjú, tó wá wo ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò mọ orin ìjọ o, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ti kókó dídì ni, kí wọ́n fi òun sílẹ̀. A fún un ní nọ́ńbà kẹtàlá.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a ṣe é, Safiyyah, ó lọ bí omi. Ohùn kan bẹ̀rẹ̀, ìkejì bọ́ sí i, ó ń ga sí i, títí àwọn ọ̀dọ́ fi tú gèlè tí Fulera sì fa kókó náà le títí aṣọ fi ń ké. Gbogbo àgbàlá pàtẹ́wọ́. A ní kí a tún un ṣe. Fóònù Ìyá Tóbi wá dún, ọmọ rẹ̀ ló ń pè láti Ìlọrin, ó sì yọ́ lọ sẹ́yìn ilé lọ dá a lóhùn. Èmi kò rí i. Kejìlá kọrin, kọkànlá kọrin, kẹsàn-án gbóhùn, ó na ọwọ́, ọwọ́ kò tó. Ó na ara títí ó fi fẹ́ ṣubú. Orin dúró. Kẹwàá ń wo kẹsàn-án, kẹsàn-án ń wo kẹwàá, gèlè sì wà lórí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn. Ìyá Motún wá béèrè pé, "Báyìí, ṣé ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún á kàn máa dà lọ ni?"

Mo jókòó sílẹ̀ níbi tí mo dúró sí. Àìsàn yẹn wà nínú ìwé mi, mo ti kùn ún ní yẹ́lò: ọmọkùnrin tí a bí láìní fákítọ̀ kẹjọ, tí ìṣubú kékeré ń mú ẹ̀jẹ̀ dà sí oríkèé rẹ̀. Mo há a sórí, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni mo tó rí i. Mo ní kí a gbìyànjú ọ̀nà kúkúrú. Keje kọrin, ó kan kẹwàá, orin sì lọ dé òpin. Àyẹ̀wò méjì tó ń yí mi lórí, PT àti aPTT, tí wọ́n fi ń ka ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kó tó dì, bá yé mi lójú kan náà. PT ń wo ọ̀nà kúkúrú, aPTT ń wo ọ̀nà gígùn. Bí Ìyá Tóbi kò bá sí, ọ̀nà gígùn nìkan ló dí. Nígbà tó ti ẹ̀yìn ilé dé, gbogbo wọn yí i ká, wọ́n ní ó ti pa ènìyàn. Ó bẹ̀ wá títí.

Lọ́sẹ̀ kejì, màmá mi se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, mo sì ní kí wọ́n bù ú fún kejì, keje, kẹsàn-án àti kẹwàá nìkan, nítorí àwọn mẹ́rin yìí kò lè ṣiṣẹ́ bí ara kò bá rí èròjà K, tó wà nínú ewébẹ̀. Oògùn kan sì wà tí a ń fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dì jù. Ohun tó ń ṣe kò ju pé kó gbé abọ́ ẹ̀fọ́ yẹn pamọ́ fún wọn lọ. Àwọn tí a kò bù fún bínú débi pé a ní láti se òmíràn. Sọ fún mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbàgbé àwọn mẹ́rin náà?

Mo padà sílé ìwé pẹ̀lú ara yíyá. Hussainat, tó ń gbé yàrá kan náà pẹ̀lú mi, fẹ́ràn máíkírósíkóòpù ju oúnjẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ dídì ló sì ń ṣe òun náà níkà. A ṣe pàṣípààrọ̀. Ó jókòó tì mí ní yàrá àyẹ̀wò títí mo fi lè dá sẹ́ẹ̀lì funfun kọ̀ọ̀kan mọ̀ bí ẹni ń dá ojú ará ilé mọ̀. Èmi náà to àwọn ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì fún un bí mo ṣe to àwọn akọrin. Bí a bá ka ojú ewé kan, a óò pa ìwé dé, a óò mú bébà òfìfo, a óò yà á láti inú orí. Ibi tó bá ṣófo lórí bébà, òun nìkan ni a ń padà lọ kà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, nígbà tó bá ti ń fẹ́ yọ lọ, a óò tún un yà. Ó máa ń dun ènìyàn ju kíkà lásán lọ, torí àṣìṣe ẹni á máa hàn síni kedere. Má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Mo kọ ti ìwé, ó dára. Ó ku ti ẹnu, mo bá ara mi níwájú Dókítà Barnabas àti olùdánwò kejì. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan ń kọ́ ìrìn, ó ṣubú díẹ̀, orúnkún rẹ̀ wú, PT rẹ̀ dára, aPTT rẹ̀ pẹ́ jù. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Wọ́n bi mí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí, láti orí Ìyá Tóbi dé orí kókó Fulera. Dókítà Barnabas fi báírò sílẹ̀. Wọ́n ní bó bá jẹ́ ẹni keje ni kò sí ńkọ́? Mo ní ọ̀nà kúkúrú ló dí, PT ni yóò pẹ́. Wọ́n wá ní, "Bó bá jẹ́ Ìyá Motún ni kò wá sí ìdánrawò ńkọ́?" Mo ní àwọn méjèèjì ni yóò pẹ́, sà, torí ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé ni ó dúró sí. Olùdánwò kejì fi ìwé bojú rẹ̀, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

Mo yege, Safiyyah. Hussainat náà yege. Mo pe ilé, màmá mi kò sọ̀rọ̀. Orin ni mo gbọ́.

Ní báyìí mo ti wọ wọ́ọ̀dù, mo sì fẹ́ sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù tó kọjá. Obìnrin kan wá láti Bàbáńlá pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ wú. Àyẹ̀wò jáde: ẹni kẹjọ ni kò sí. Àwọn dókítà ń sọ ọ́ ní òyìnbó lórí bẹ́ẹ̀dì, obìnrin náà sì ń wo ẹnu wọn. Mo gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa, mo jókòó tì í, mo fi Ìgbómìnà wa ṣàlàyé fún un pé nínú àwọn tó yẹ kó mú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà dì, ẹnì kan ni kò sí níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, pé bí imú àti àwọ̀ ṣe ń ti ara òbí wá ni ó ṣe ń wá, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi, pé oògùn sì wà tí ń rọ́pò ẹni náà. Ó bi mí pé, "Ṣé kì í ṣe pé mo jù ú sílẹ̀?" Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mà. Ó gbé fóònù, ó pe ilé ọkọ rẹ̀, ó gbé e sí ẹnu mi, ó ní kí n tún un sọ kí ìyá ọkọ òun gbọ́. Mo sọ ọ́. Ó ní kí n tún un sọ kí àwọn tó jókòó tì wọ́n náà gbọ́. Mo tún un sọ títí ohùn mi fi há. Nígbà tó gba fóònù padà, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó mí kanlẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti fún ọmọ náà ní oògùn. Kí wọ́n tó lọ, ọmọ náà ti ń lé mi kiri wọ́ọ̀dù.

Nítorí náà, má yí ẹ̀kọ́ rẹ padà. Ìdánwò kan lo já, o kò tíì já iṣẹ́ náà. Ìyá mìíràn ń bọ̀ tí yóò máa wo ẹnu àwọn dókítà, mo sì fẹ́ kó jẹ́ pé ìwọ ni yóò jókòó tì í.

Kí Ọlọ́run là ọ́ lójú ẹ̀kọ́. Kí ohun tí o bá kà dúró sí ọ nínú, kí ó sì jáde lọ́jọ́ tí wọ́n bá béèrè rẹ̀. Kí Àlájà jẹun ọmọ, kí orúkọ rẹ má parẹ́ nínú ìwé àwọn tó yege.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà èwe, tí kò ní jẹ́ kí o dá a kà,
Rhoda.

Àfikún: Mubashir, ẹ̀gbọ́n rẹ, ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀, pẹ̀lú èlùbọ́ tí màmá mi fi ránṣẹ́. Má ṣe jẹ́ kó padà lọ láìjẹ́ pé o sọ ìtàn sẹ́ẹ̀lì pupa kan fún un, láti ọjọ́ ìbí rẹ̀ dé ọjọ́ ikú rẹ̀, láì wo ìwé. Ó ti ṣèlérí fún mi pé òun á jókòó gbọ́ ọ dé òpin, pé bó bá ti ṣú òun lójú, òun á béèrè.